Drospirenone oníhóró 24: oògùn kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀ lára páálí

"Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọmọkùnrin orí káúńtà ní ilé ìtajà oògùn kan ní Houston nìyí, òun ló sì bí àgbéyẹ̀wò yìí. Yaz, hóró ìfètòsọ́mọbíbí tí drospirenone wà nínú rẹ̀, ni dókítà kọ síwèé. Èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá wá láti ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni ò sì lanu sọ pé àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo bi í, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo tún un bi, ó nàka sí iye owó: ṣebí ó dínwó sí Yaz, kí ni mo tún ń fẹ́? Kò gbójú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ní ti ohun tó wà nínú hóró, kò purọ́. Òfin sì gbà kí wọ́n fi jẹ̀nẹ́ríìkì, ìyẹn oògùn kan náà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń tà, rọ́pò, bí wọ́n bá ti sọ fún oníbàárà. Àmọ́ lójú ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Lọ́dún 2011, nínú ẹjọ́ PLIVA v. Mensing, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pinnu pé a ò lè fi òfin ìpínlẹ̀ pe ilé iṣẹ́ jẹ̀nẹ́ríìkì lẹ́jọ́ pé ìkìlọ̀ rẹ̀ ò tó, torí ìjọba àpapọ̀ ti fi dandan lé e pé kí ìkìlọ̀ náà bá ti oògùn àkọ́kọ́ mu. Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ò sì ní gbà kí ẹ gba ẹ̀yìn lọ pe Bayer, ilé iṣẹ́ tó ni Yaz, lẹ́jọ́ fún hóró tí Bayer ò ṣe. Ẹ wá wo Ocella, jẹ̀nẹ́ríìkì Yasmin, hóró drospirenone mìíràn tí Bayer ní: nígbà tó jáde lọ́dún 2008, Bayer fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Barr ń tà á. Ta ló máa mọ ìyẹn lórí káúńtà?

Nítorí náà, ẹ má ju páálí nù. Nọ́ńbà NDC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oògùn ní Amẹ́ríkà, wà lára rẹ̀, apá àkọ́kọ́ nọ́ńbà náà ló ń sọ ilé iṣẹ́ tí oògùn náà jáde lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà "Lot", ìyẹn nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, tó wà lára káàdì hóró, torí ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìtajà sábà máa ń ní NDC, àmọ́ kì í sábà ní Lot.

Ibi tí mo ti fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ni apoògùn ti yọ láti ẹ̀yìn. Ó ka orúkọ tó wà lórí ìwé, ó bọ́ sí Yorùbá, ohùn Èkìtì. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo lisinopril tàbí losartan?" Rárá. "Ibuprofen ńkọ́, ṣé ojoojúmọ́ ni àbí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan?" Ó bèèrè kíndìnrín, ó bèèrè ẹ̀dọ̀, ó bèèrè sìgá àti ọjọ́ orí, torí obìnrin tó ti lé ní 35 tó ń mu sìgá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó tún bèèrè ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu dókítà kankan rí: irú iyọ̀ wo ni mo fi ń se ọbẹ̀? Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, potassium ló pọ̀ nínú rẹ̀. Drospirenone inú hóró kan ń ṣiṣẹ́ bíi miligíráàmù 25 spironolactone, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, kì í jẹ́ kí potassium jáde lára bó ṣe yẹ. Bó bá pọ̀ jù, ọkàn ló ń dà láàmú. Ẹni tó bá ń lo àwọn oògùn tó dárúkọ yẹn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ yẹ potassium ẹ̀jẹ̀ wò láàárín oṣù àkọ́kọ́. Ẹ wo iṣẹ́! Ìbínú mi rọlẹ̀ níbẹ̀.

Oògùn náà ńkọ́? Ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Nǹkan oṣù fúyẹ́, irorẹ́ ojú gbẹ. Ṣùgbọ́n ìpolówó ọjọ́sí sọ ọ́ di oògùn gbogbo ìnira tó ń ṣáájú nǹkan oṣù, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ìkìlọ̀ lọ́dún 2008, nígbà tó sì di 2009 Bayer gbà láti ná mílíọ̀nù 20 dọ́là lórí ìpolówó àtúnṣe.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ọ̀rọ̀ gan-an. Nínú obìnrin 10,000 tí kò lo oògùn tí kò sì lóyún, ó ń ṣe 1 sí 5 lọ́dún. Àwọn tó ń lo hóró ìfètòsọ́mọbíbí alápapọ̀ (oní-họ́mọ́ọ̀nù méjì bíi Yaz), 3 sí 9. Aboyún, 5 sí 20. Oṣù kẹrin 2012 ni FDA ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé drospirenone pé àwọn ìwádìí kan rí i tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn hóró mìíràn, àwọn mìíràn ò sì rí àfikún kankan. Ọdún àkọ́kọ́ ló léwu jù, àti ìgbà tí ẹ bá dá a dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó padà sí i. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó ń ro yín, tí èémí ń gé, tí àyà ń dùn, ẹ dá oògùn dúró, ilé ìwòsàn lẹ máa kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó wá lọ́yà. Bó bá jẹ́ dídènà oyún nìkan lẹ ń wá, hóró oní-levonorgestrel ń dènà á bákan náà, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì rẹ̀ sì kéré sí i. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Àwọn tó ṣe ẹjọ́ Yaz, tí wọ́n kó jọ síwájú Adájọ́ David Herndon ní gúúsù Illinois láti 2009, gba owó gbà-má-bìínú tó ju bílíọ̀nù dọ́là lọ láìjẹ́ pé Bayer gbà pé òun jẹ̀bi. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ dídì ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó ní oògùn náà ba àpò òróǹro òun jẹ́ títí wọ́n fi yọ ọ́? 3,000 dọ́là. Ní Texas, ọdún 2 péré ni òfin fún ẹni tó fara pa láti pẹjọ́, òfin ìpínlẹ̀ náà sì ń gbà pé ìkìlọ̀ tí FDA fọwọ́ sí tó, àyàfi bí ẹ bá fẹ̀rí gbe ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ọ̀nà tí òfin náà fúnra rẹ̀ là kalẹ̀.

Oògùn: ìràwọ̀ 4 nínú 5. Apoògùn: 5. Káúńtà: 1, torí kò sí òdo.