Ilé Àtijọ́ Tí Ayálégbé Kún Inú Rẹ̀, Àbí Ilé Tí Wọn Kò Rí Parí: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé tí yóò máa fi gbowó l'Ékòó, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ra tuntun, méjì ni àwọn ajẹ́ńtì sábà máa ń gbé síwájú rẹ̀. Ọ̀kan ni face-me-I-face-you àtijọ́ ní Mùṣín tàbí Agége, tí ayálégbé ṣì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ilé tí onílé rẹ̀ kò rówó parí lọ́nà Ìkòròdú, tí igbó ti ń hù nínú pálọ̀. Iye tí wọ́n ń pè wọ́n lè sún mọ́ra. Ibi tí owó ń gbà lọ ló yàtọ̀.

Ilé àtijọ́: owó ilé á máa wọlé láti ìgbà tí ẹ bá ti gbà á. Àmọ́ àwọn tó ń san owó náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ lè tún un ṣe. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní kí ayálégbé ọlọ́dọọdún gba ìwé ìkìlọ̀ (quit notice) oṣù mẹ́fà kó tó kó jáde, àfi tí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ìwé ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje, pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kóòtù. Ẹni tó bá ṣí páànù kúrò lórí wọn kí wọ́n lè sá, ó rú òfin, ìkà sì ni.

Inú ilẹ̀ ni ìnáwó ibẹ̀ wà. Gbogbo èèyàn fẹ́ sọ yàrá méjì-méjì di self-contain tó ní ilé ìgbẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ soakaway ọjọ́ kìíní fún. Ilé ìgbẹ́ márùn-ún yóò mú un kún àkúnya, àyè tí ẹ ó sì gbẹ́ òmíràn sí lè má sí. Ẹ mú pùlọ́ńbà lọ kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri náà: bí ọ̀dà bá ń bó, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ, omi ló ń gùn ún láti ìpìlẹ̀, ọ̀dà tuntun kò sì lè wò ó sàn. Bí òrùlé bá jẹ́ asbestos, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ; eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ilé tí kò parí kò ní ayálégbé, kò sì ní owó tó ń wọlé. Irin tó yọ sókè lórí òpó ni kí ẹ fọwọ́ pa. Èyí tí ìpẹtà rẹ̀ kàn ń kun ọwọ́ kò burú púpọ̀. Èyí tó ń bó ní ìpele-ìpele ti ń jẹra. Lagos State Materials Testing Laboratory, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ohun ìkọ́lé wò, lè yẹ kankéré wò láìwó o. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé pẹ̀lú, kí ẹ sì gbé ìwé survey lọ sí ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.

Ní ti ìwé, ilé àtijọ́ léwu jù, torí ogún ló sábà máa ń jẹ́. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn aṣáájú ẹbí yòókù, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e.

Síbẹ̀, ẹni tó fi gbèsè ra ilé, èmi ò ní ní kó ra èyí tí kò parí, torí èlé kì í dúró de bíríkìlà. Kó ra ti àtijọ́, kó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òfìfo ni wọ́n máa fi lé òun lọ́wọ́. Kí lọ́yà di apá kan owó náà mú títí ayálégbé tó kẹ́yìn á fi kó jáde. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ ìyẹn, tàbí tí kò gbà kí pùlọ́ńbà wọlé, ẹ wá òmíràn.