Fílítà Ààbò àti Hood: Èwo ni Ká Kọ́kọ́ Rà fún Lẹ́ǹsì?

Bí ènìyàn bá ra lẹ́ǹsì tuntun, kì í pẹ́ tí ọlọ́jà fi máa ń rọ̀ ọ́ pé kó ra fílítà UV, ìyẹn gíláàsì pẹrẹsẹ tí a ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, mọ́ ọn. Ìtànṣán UV, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, ń ba àwòrán jẹ́ nígbà tí fíìmù ṣì wà lóde, ṣùgbọ́n kámẹ́rà dígítà òde òní ti ní gíláàsì tó ń dènà rẹ̀ níwájú sensor, ìyẹn ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán nínú kámẹ́rà. Nítorí náà, ààbò nìkan ló kù tí a lè tìtorí rẹ̀ ra fílítà, ó sì yẹ ká fi wé hood, ìyẹn ike tó máa ń yọ síwájú ẹnu lẹ́ǹsì.

Ní ti eruku àti omi, fílítà ló borí. Nígbà ọyẹ́, tàbí ní etí òkun tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ iyanrìn, nínu ojú lẹ́ǹsì lemọ́lemọ́ lè họ ọ́ lára, ó sì sàn kí fílítà tí a lè pààrọ̀ jẹ ìyà náà. Canon tilẹ̀ sọ nípa lẹ́ǹsì EF 17-40mm f/4L pé àfi tí a bá yí fílítà mọ́ ọn kí ìdènà eruku àti omi rẹ̀ tó pé.

Ní ti kí kámẹ́rà já bọ́ tàbí kí ó kọlu nǹkan, hood ni mo fọkàn tán jù. Gíláàsì fílítà tín-ín-rín, ohun tí kò ní ṣe lẹ́ǹsì ní nǹkan kan lè fọ́ ọ, àfọ́kù rẹ̀ sì lè họ ojú lẹ́ǹsì gan-an. Bí etí rẹ̀ bá tún tẹ̀, yíyọ rẹ̀ á di wàhálà. Hood ń gba ìkọlù náà sára, ó sì tún ń dènà iná tó ń tẹ̀gbẹ́ wọlé.

Fílítà olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ sá fún. Gíláàsì tí wọn kò kun ní èròjà tó ń dín dídán kù máa ń dá nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú méjì ló sì ní. Níbi òde alẹ́ tí gílóòbù bá kọjú sí kámẹ́rà, òjìji iná á hàn nínú àwòrán. Lórí lẹ́ǹsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, bíi 70-200mm, àwòrán lè má mú dáadáa mọ́.

Bí owó kò bá tó méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ wo inú páálí lẹ́ǹsì bóyá hood ti wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, òun ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá máa ra fílítà, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ multi-coated sí lára, ìyẹn èyí tí wọ́n kun ní èròjà tó ń dín dídán kù, kí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ sì bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ø lára lẹ́ǹsì mu, kí ẹ sì máa yọ ọ́ nígbà tí iná bá kọjú sí yín.