Ìkìlọ̀ fún onígìtá Ìbàdàn: ọrùn gìtá tí wọ́n kùn ní dúdú, àti ìgò "òróró lẹ́mọ́ọ̀nù"

Gbájúẹ̀ kan ń jà nígboro Ìbàdàn báyìí, àwa onígìtá ló sì dojú kọ. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó lórí gìtá oníná tòkunbọ̀, tàbí kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n bá yín pọ́líìṣì ọrùn èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ka èyí dé ìsàlẹ̀.

Ọkùnrin náà kò ní ṣọ́ọ̀bù. Báàgì ńlá ló ń gbé kọ́ èjìká. Ó máa ń dé ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin bá ń ṣe ìdánrawò, nígbà mìíràn ẹ máa rí i ní ìhà Dùgbẹ̀, WhatsApp ló sì fi ń tẹ̀lé àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ń ta gìtá tòkunbọ̀ tó ní òun ti tún ṣe, ọrùn rẹ̀ á dúdú, á máa dán bíi kóró iṣin. Ó tún ń ta ìgò kékeré kan tó pè ní òróró lẹ́mọ́ọ̀nù, kò sí lébẹ̀ẹ̀lì kankan lára rẹ̀, ó ní kí ẹ máa fi pa ọrùn gìtá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ní gìtá tiyín, ó lè bá yín pọ́líìṣì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀, torí àwọn mìíràn ti ń kọ́ ọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún gìtá ṣe ní Mókọ́lá, gìtá tó ti ọwọ́ ọkùnrin yìí kọjá sì ti pọ̀ lórí tábìlì mi. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Chálẹ́ńjì. Ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Gbági ló ra á fún un. Ọkùnrin náà ní, "Mọ́mì, ojúlówó rosewood ni o, tuntun ni, ẹ wo bó ṣe ń dán." Rosewood ni igi olówó ńlá kan tó pọ́n dúdú, tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọrùn gìtá. Kò pẹ́ tí okùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣaṣa níbi tó yẹ kó ti dún ketekete, ìka ọmọ náà sì ń dúdú ní gbogbo ìgbà tó bá lu gìtá tán.

Mo tú okùn rẹ̀. Mo ki aṣọ funfun bọ omi, mo fún un dáadáa, mo fi nu àárín fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kejì sí ìkẹta. Aṣọ náà di dúdú lọ́wọ́ mi, òórùn pọ́líìṣì bàtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyá tẹjú mọ́ aṣọ náà, ó ní, "Bọ̀dá, aró nìyí. Wọ́n pa igi láró." Ẹni tó ń ta aṣọ kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí dúdú náà kúrò tán, igi pupa rẹ́súrẹ́sú ló kù lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ okùn kejì àti ìkẹta, níbi tí ìka ẹni tó kọ́kọ́ ni gìtá náà ti jẹ igi wọlé, wọ́n ti fi súpà gúlù àti ìyẹ̀fun pákó dí ihò. Sáńpépà sì ti jẹ orí irin fret mẹ́ta àkọ́kọ́ di pẹrẹsẹ. Gìtá tó ti darúgbó ni wọ́n tà fún ìyá yìí ní owó tuntun.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ohun tó burú lára igi rẹ́súrẹ́sú yẹn tẹ́lẹ̀. Ní January 2017, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, tí wọ́n ń pè ní CITES, fi gbogbo ẹ̀yà igi rosewood sábẹ́ ìṣọ́, ó di pé ìwé àṣẹ ni wọ́n máa fi kó gìtá títà tó bá ní i lára kọjá ẹnubodè. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ yí sí igi mìíràn: Fender lo pau ferro fún àwọn gìtá tí wọ́n ń ṣe ní Mexico, àwọn mìíràn lo Indian laurel. Nígbà tí wọ́n fi máa dẹ òfin náà fún ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe parí ní November 2019, àwọn igi tuntun wọ̀nyí ti wà lára ọ̀pọ̀ gìtá. Igi gidi ni wọ́n, wọ́n kàn fúyẹ́ ní àwọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbowó rosewood lórí wọn, tó sì fẹ́ bo ibi tó ti jẹ mọ́lẹ̀, pọ́líìṣì bàtà dúdú ló máa fà yọ.

Ìgò náà ńkọ́? Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi, mo ṣí i, mo kán an sí àtẹ́lẹwọ́. Òróró ẹ̀pà ni, lọ́fínńdà díẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, òróró ẹ̀pà, òróró àgbọn àti àdín fún ìsè àti ìpara ni. Bí wọ́n bá pẹ́ lára igi, wọ́n á kan, wọ́n á máa rùn, wọ́n á dì, òógùn àti ìdọ̀tí ọwọ́ á sì lẹ̀ mọ́ wọn. Òróró lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń ṣe fún gìtá ní tòótọ́, mineral oil ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn òróró tí wọ́n fọ̀ mọ́ láti ara epo rọ̀bì, wọ́n á wá fi òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù sí i. Irú òróró bẹ́ẹ̀ kì í kan. Òun náà ni wọ́n ń tà ní ilé oògùn tí wọ́n ń pè ní liquid paraffin, òun náà ló sì pọ̀ jù nínú baby oil. Ẹ ò nílò ìgò aláìlórúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àsìkò ọyẹ́ ni ọjà rẹ̀ ń tà jù. Ọyẹ́ máa ń fa omi ara igi, igi á sún kì, irin kì í sì í sún kì, ìdí nìyẹn tí etí fret fi máa ń yọ síta tí á máa gún wa lọ́wọ́. Ó máa sọ fún yín pé òróró òun á dá a padà. Kò lè dá a padà. Oníṣẹ́ ló máa fi fáìlì yọ etí rẹ̀, kí ẹ sì máa tọ́jú gìtá sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn tútù nínú ike ọṣẹ oníhò. Kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára fún un.

Pọ́líìṣì ojú ẹsẹ̀ tó ń ṣe tún burú ju ìgò lọ. Kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò ló fi ń ha ọrùn gìtá, kò ní bo pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn lára gìtá oníná. Mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú pickup. Gbogbo ìyẹ̀fun irin tó bá já bọ́ á lọ lẹ̀ mọ́ ọn bí irun, yíyọ rẹ̀ sì le gan-an. Bí gìtá yín bá jẹ́ ọlọ́rùn maple, èyí tó funfun tàbí tó pọ́n bí oyin, iléeṣẹ́ ti fi fáníìṣì bò ó. Òróró kankan kò lè wọ inú rẹ̀, aṣọ tó tutù díẹ̀ ti tó o. Bí ó bá fi sáńpépà ha fáníìṣì yẹn kúrò, òógùn ọwọ́ á wọ igi, ibẹ̀ á sì máa dúdú díẹ̀díẹ̀.

Nílé yín, pẹ̀lú ọwọ́ ara yín, iṣẹ́ náà kò le. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ okùn ni kí ẹ ṣe é. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ tàbí etí káàdì ATM tó ti kú tu ìdọ̀tí tó dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fret. Bí igi náà bá jẹ́ èyí tí wọn kò fi fáníìṣì bò, bíi rosewood, ebony, pau ferro àti laurel, ẹ kán òróró díẹ̀ sára aṣọ, kì í ṣe sára igi. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó wà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò títí igi á fi gbẹ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí irin fret dán, ẹ lẹ masking tape mọ́ igi, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí pickup pẹ̀lú, kí ẹ wá fi kànìnkànìn onírin 0000 nù ún. 0000 ló kúnná jù, kì í ṣe ti ìkòkò. Ẹ má fi pọ́líìṣì àga tó ní silicone kan gìtá o. Bó bá wọ igi, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kùn ún tuntun, ọ̀dà kò ní dúró.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú áńkáṣíìfù funfun dání. Ẹ rẹ etí rẹ̀, kí ẹ nu àárín fret lójú ẹni tó ń tà á. Bí ó bá pupa díẹ̀, ìdọ̀tí ni, ẹ má bẹ̀rù. Iléeṣẹ́ mìíràn náà máa ń fi aró díẹ̀ sí ebony, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n bí áńkáṣíìfù bá dúdú, tó ń rùn bí pọ́líìṣì bàtà, ẹ gbé gìtá sílẹ̀. Ẹ wo orí pákó níbi tí ọrùn ti parí, níbi tí wọ́n ti gé igi. Aró kì í sábà dé ibẹ̀ dáadáa, àwọ̀ igi gan-an lẹ máa rí. Ẹ tẹ gbogbo fret lórí gbogbo okùn, ẹ má fo ọ̀kan, bó ti wù kó máa kánjú yín tó. Ẹ wá tẹ okùn tó nípọn jù ní fret kìíní àti ní èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ ní bíi fret keje. Àlàfo tíńrín ni kó wà níbẹ̀. Bí kọ́ìnì bá lè gba ibẹ̀, ọrùn ti tẹ̀, ẹ ní kó yí truss rod (ọ̀pá irin inú ọrùn tí wọ́n fi ń tún un nà) lójú yín kí ẹ mọ̀ bóyá ó ṣì ń yí. Ẹni tó bá ní ojúlówó ọjà kì í bínú sí gbogbo èyí. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, bó bá ti rí áńkáṣíìfù, á ní òun ní ìpàdé ní Ìwó Road.

Òfin wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, sọ pé ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba sí ẹni tó ń rà á. Ẹ máa gba rìsíìtì, kí ẹ rí i pé ó kọ "àlòkù" tàbí "tuntun" sí i, kó sì kọ irú igi tó ní ó jẹ́.

Ẹni tó bá ti ra gìtá lọ́wọ́ rẹ̀, kó má fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ dúdú náà. Aṣọ tútù díẹ̀díẹ̀ ni, ká fún omi rẹ̀ dáadáa, ká sì nu igi gbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ má sì da ohun tó kù nínú ìgò nù. Ẹ̀rí nìyẹn nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn.