Eré sísá àbí àńdìbọ́ọ̀lù fáwọn ọmọbìnrin sízíẹ̀mù (kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì)?

Ẹ̀yin ará Kétu, eré sísá ò ná ni lówó, ó sì dáa fún ọkàn àtẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì ló ń wò ó, ọmọ tí ọmú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ tàbí tó ń ṣe nǹkan oṣù á kúkú purọ́ pé inú ń run òun. Àńdìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú ilé, ńkọ́? Èèyàn 7 ló wà nínú tíìmù kan, wọ́n á sáré, wọ́n á fò, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù, ta ló ráyè wo ẹnikẹ́ni? Àmọ́ tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà, àwọn tó kù á kàn máa tàkúrọ̀sọ lábẹ́ igi ni (oòrùn Kétu náà kì í ṣeré o). Àńdìbọ́ọ̀lù lèmi máa mú, tí pùròfù, olùkọ́ wọn, bá ti lè wá bọ́ọ̀lù méjì-mẹ́ta.