Àpótí ẹja omi òkun àkọ́kọ́ mi ní Adó-Èkìtì: iṣẹ́ àwọn tó wá tò ó

Ọmọkùnrin tí ilé iṣẹ́ tó ta àpótí ẹja yìí fún mi rán wá láti Èkó da ẹja sínú omi tí a po iyọ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ó gba owó tó kù lọ́wọ́ mi, ó ya fọ́tò, ó sì wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé nìyẹn. Ẹ máa rí i níwájú pé kì í ṣe gbogbo wọn ni mò ń bínú sí, ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn mí ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn, ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìyìn, ó sì ti pẹ́. Ibi tí mo ti ń tà á ní Baṣìrì, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń jókòó de ẹja yíyan, ni mo fẹ́ gbé àpótí gíláàsì sí. Mo fẹ́ kó jẹ́ ti omi òkun. Òkè ni Èdùmàrè fi jíǹkí àwa ará Èkìtì, a ò ní òkun, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá wọn wá sọ́dọ̀ mi ni kò tíì fojú rí ẹja òkun tó ń lúwẹ̀ẹ́ rí, àyàfi èyí tó dì gan-an nínú páálí. Àpótí lítà 120 ni mo rà, pẹ̀lú ohun èlò rẹ̀ gbogbo àti ẹni tí yóò wá tò ó. Ti gíláàsì, iná àti pọ́ǹpù, ẹ lè kà á nínú ìpolówó wọn. Ohun tí wọ́n ṣèlérí ni wọ́n kó wá, kò sì sí èyí tó fọ́ lọ́nà.

Ọmọ náà mọ èèyàn kí, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi ìwọ̀n oníomi wo tábìlì títí ó fi tẹ́jú pérépéré, ó fọ yanrìn títí omi ara rẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ RO ránṣẹ́ ṣáájú, kí n lè máa sẹ́ omi bóòhóólù pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Iyọ̀ òkun ló pò mọ́ ọn, gíráàmù 35 sí lítà kan, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Títí dé ibẹ̀, inú mi dùn sí i.

Ìgbà tó tú ọ̀rá òkúta ni nǹkan yí padà. Òkúta òkun ni, irú èyí tí ohun abẹ̀mí kéékèèké ń gbé lára rẹ̀, òun náà sì ni ilé àwọn bakitéríà tó ń tún omi ṣe. Òórùn tó jáde nínú ọ̀rá náà gba gbogbo yàrá.

Mo ní, “Ọmọ mi, òkúta yìí ń rùn.”

Ó ní, “Mọ́mì, òórùn òkun nìyẹn.”

Mo ní rárá, ohun tó ti kú ló ń rùn báyìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní omi iyọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹja àrọ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Ó tò ó sínú omi. Ó da bakitéríà inú ìgò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló gbé páálí fóòmù jáde, tó ń yọ ọ̀rá ẹja: clownfish méjì àti ẹja búlúù kan tó rẹwà púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní blue tang.

Mo bi í bóyá omi náà kò ní kọ́kọ́ gbó ni. Àwa tí a ń sin ẹja kì í kó ọmọ ẹja sínú omi tuntun bẹ́ẹ̀ ṣá. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí èmi náà lè gbọ́. Ọ̀gá ní, “Ẹ má ṣèyọnu mà, bí a ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Bakitéríà tó wà nínú ìgò ti parí iṣẹ́.” Mo ní kí n gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n ní iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi burú, torí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Amóníà, èyí tó jẹ́ májèlé fún ẹja, ń jáde lára ẹja fúnra rẹ̀, ó ń jáde lára oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ó sì ń jáde jù lára ohunkóhun tó bá ń rà nínú omi. Bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di nitrite, òmíràn ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní jàǹbá. Kí àwọn bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó nínú àpótí tuntun, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Tí inú ìgò lè mú un yá, ṣùgbọ́n kò lè bá òkúta tó ń jẹrà figa gbága lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun mìíràn tún ni pé pH omi òkun (ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan) máa ń wà ní nǹkan bí 8.1 sí 8.4, bí pH bá sì ṣe ga tó ni amóníà ṣe ń le tó. Ìwọ̀n tí ẹja àrọ̀ mi máa fara dà nínú odò lè pa ẹja òkun. Ẹja àrọ̀ tilẹ̀ lè gbé ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́ òde, Ọlọ́run fún un ní ẹ̀yà ara tó fi ń ṣe é. Clownfish ò ní irú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ẹja gun òkè omi, tí ẹnu wọn ń ṣí tó ń pa dé kíákíá. Mo pe ọmọkùnrin náà, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo pe ọ̀gá, ó ń dún, kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e. Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ rìsíìtì tí n kò fiyè sí tẹ́lẹ̀. Mo pè é. Obìnrin kan gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Kò bi mí ní nọ́ńbà rìsíìtì, kò bi mí ní orúkọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Mà, ẹ ṣí fídíò kí n rí wọn.” Mo ṣí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ta ló gbé ẹja búlúù yẹn fún yín? Ẹja tó lè dàgbà tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni, kò yẹ kó wọ inú lítà 120 rárá.” Ó ní kí n pa iná orí àpótí, kí n má fún wọn lóúnjẹ, kí n wá ìgò ìdánwò amóníà nínú páálí. Ó yẹ kí omi inú ìgò náà pọ́n bí òróró, àwọ̀ ewé ló yọ, amóníà ti wà nínú omi nìyẹn.

Ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè láti àárọ̀: “Mà, ṣé òkúta yẹn ń rùn?”

Inú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní ó ń rùn, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn. Ó ní, “Ẹ ti mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde.” Ó ṣàlàyé pé òkúta náà ti pẹ́ jù láìsí nínú omi, àwọn ohun tó ń gbé lára rẹ̀ ló kú. A kó o sínú bókẹ́ẹ̀tì omi iyọ̀ lọ́tọ̀, mo fi ọ̀kan nínú ẹ̀rọ atẹ́gùn tí mo ń lò fún ọmọ ẹja àrọ̀ sí i, mo fi òmíràn tó jẹ́ tuntun sínú àpótí.

Lẹ́yìn náà, pípààrọ̀ ìdajì omi. Ó bá mi ṣírò rẹ̀: lítà 60, gíráàmù 35 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílò 2 ó lé díẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń ta ẹja. Ó ní kí n kán omi RO lásán sójú refractometer, ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, kí n tó gbà á gbọ́, ó yẹ kó fi òdo hàn. Kò fi òdo hàn. Ọmọkùnrin yẹn kò tún un ṣe kó tó lò ó, iyọ̀ tó wà nínú àpótí ti ga ju 1.026 tó yẹ kó jẹ́ lọ. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa yí ìdè kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí iyọ̀ yòrò pátápátá, kí n ti hítà bọ dúrọ́ọ̀mù títí yóò fi bá ti àpótí dọ́gba, kí n má kánjú da á. Mo fẹ́ kánjú. Ó ń sọ pé, “Díẹ̀díẹ̀ mà, díẹ̀díẹ̀.” Ọmọ rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn, mo gbọ́ tó ń gbé e jó. Iná lọ láàárín iṣẹ́, mo lọ tan jẹnẹrétọ̀, ó dúró dè mí lórí ìlà. Ìgbà tí owó fóònù mi tán, òun ló pè mí padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja búlúù ti kú. Àwọn clownfish méjèèjì ti sọ̀kalẹ̀ sí àárín omi, wọ́n ń mí jẹ́jẹ́. Ó kí mi, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, mà.” Nítorí ẹja kan ṣoṣo. Èmi tí ẹja ti kú fún rẹpẹtẹ, ẹnìkan ò kí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bi mí ní iye amóníà. A pààrọ̀ omi nígbà tó bá ga, a fún wọn lóúnjẹ tín-ín-rín. Nígbà tí nitrite yọjú, ẹ̀rù bà mí, torí àwa ẹlẹ́ja àrọ̀ máa ń sáré da iyọ̀ sómi nígbà tí nitrite bá pọ̀, kí kólóráìdì inú rẹ̀ má jẹ́ kí ó ráyè wọ ara ẹja. Ó ní ìdí nìyẹn tí kò fi fi bẹ́ẹ̀ léwu fún ẹja òkun, inú kólóráìdì náà ni wọ́n kúkú ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi gan-an. Ìgbà tó yá, amóníà di òdo, nitrite di òdo, nitrate bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Òkúta inú bókẹ́ẹ̀tì náà kò rùn mọ́, a sì dá a padà. Yanrìn pọ́n ráúráú fún ìgbà díẹ̀, ó ní gbogbo àpótí tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lọ lóòótọ́.

Ẹ tún gbọ́ ti ọ̀gá. Mo béèrè owó ẹja búlúù, ó ní tí ẹja bá ti wọ omi oníbàárà, ọwọ́ àwọn ti kúrò níbẹ̀. Omi tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pò! Ẹja tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ dà sí i! Kò san án títí di òní. Ìwé ìtọ́ni wọn náà tún sọ pé bí omi bá lọ sílẹ̀, kí a fi omi iyọ̀ kún un. Irọ́ ni. Omi ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nígbà ọyẹ́ tí omi ń gbẹ kíákíá ní Adó níbí, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé yẹn yóò máa fi iyọ̀ lé iyọ̀ títí ẹja rẹ̀ yóò fi kú. Omi RO lásán ni kí ẹ fi kún un. Obìnrin náà sọ fún mi pé òun ti ní kí wọ́n tún ìwé náà ṣe. Wọn ò tíì tún un ṣe.

Àpótí náà rẹwà. Àwọn ọmọdé ò fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Mo ń sọ fún wọn pé akọ ni clownfish gbogbo máa ń jẹ́ ní kékeré, pé èyí tó bá tóbi jù tó sì jẹ ọ̀gá ló ń di abo, àwọn ìyá wọn náà á sún mọ́ ọn kí wọ́n lè mọ èwo ni. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni mo ti sanwó àpótí kejì, èyí tó máa wà nílé mi. Mo kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ gbé ẹja kankan wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá tò ó, pé òkúta gbígbẹ ni mo fẹ́, àti pé obìnrin yẹn ló máa sọ ìgbà tí omi bá ṣe tán.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.