Sitáńdì onítáyà fún ẹ̀rọ ìwọ̀n: ó lágbára o, àmọ́ ẹ wo ilẹ̀ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á

Gbogbo ẹni tó bá ti rí sitáńdì ńlá onítáyà yìí níbi iṣẹ́ wa ló ń béèrè pé èló ni, níbo la ti rà á, ṣé ó dáa, ó ti wá sú mi láti máa sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáa. Àmọ́ ó ní irú ilẹ̀ tó wà fún, tẹ́ ẹ bá gbé e dé ilẹ̀ míì ẹ máa bú ẹni tó tà á fún yín, ẹ sì máa bú èmi náà mọ́ ọn.

Fún ẹni tí ò mọ iṣẹ́ wa: àwa la máa ń wọn ilé, ilẹ̀, màgásán, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí àti lọ́nà Sẹ̀mẹ̀ títí dé Kútọnu. Total station là ń lò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn igun àti bí nǹkan ṣe jìn tó, àti sikánà onílésà tó bá jẹ́ pé gbogbo inú ilé la fẹ́ yà pátá. Total station fúnra ẹ̀ ò wúwo jù, púpọ̀ nínú wọn ò ju bíi kílò 5 sí 6, ẹsẹ̀ mẹ́ta onígi tí wọ́n ń gbé e lé náà ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, ẹnì kan á gbé méjèèjì á máa lọ. Èyí tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ gan-an. Irin ni, ó ní òpó kan láàárín tí wọ́n ń fọwọ́ yí sókè yí sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta nà jáde nísàlẹ̀, táyà wà ní ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ á tó kílò 40. Àwọn tó ń wọn ara ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ̀rọ ńláńlá nílùú òyìnbó ló ń lo irú ẹ̀, laser tracker ni wọ́n ń gbé lé e, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan débi tí ò tó ìdámẹ́wàá mìlímítà. Tiwa, tòkúnbọ̀ ni, wọ́n ti tún un kùn, orúkọ ẹni tó ṣe é ò sí lára ẹ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọnu la ti rà á, mi ò ní dárúkọ wọn. 350.000 sẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, a ná an títí ó fi dé 260.000, pẹ̀lú pé kí wọ́n bá wa gbé e dé Àjàṣẹ́. Wọ́n gbé e dé lóòótọ́, ìyẹn ò burú, àmọ́ nígbà tá a tú u, ọ̀kan nínú àwọn kókó oníke tí wọ́n fi ń há òpó àárín ti sán. Mo pe ọkùnrin tó tà á, ó ní, "Pàtírọ̀n, ike lásán nìyẹn, kò ṣe nǹkan kan." Ike lásán kẹ̀! Kókó yẹn ló ń di òpó mú kó má já wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí owó ẹ̀ ra mọ́tò. Mo ní kó fi òmíràn ránṣẹ́, ó ní ó di ọ̀la, ó ní ó di ọ̀tunla, nígbà tó yá kò gbé fóònù mọ́. A bá lọ ra kókó onírin lọ́jà Ouando lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì, kò tiẹ̀ wọ́n.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ìyẹn lọ ni orí ẹ̀. Irú sitáńdì báyìí, òrùka ńlá kan ló máa ń wà lórí ẹ̀, íǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀ ni fífẹ̀ ẹ̀, eyín 8 nínú íǹṣì kan (eyín tí wọ́n gbẹ́ yípo bíi ti bóòtù ni mò ń sọ), ti laser tracker nìyẹn. Ẹ̀rọ ilẹ̀ wíwọ̀n, 5/8 íǹṣì ni tiẹ̀, eyín 11 nínú íǹṣì kan. Àfi kẹ́ ẹ wá àdápítà sáàárín méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ló gbẹ́ tiwa, irin gidi ló fi ṣe é, ó jókòó dáadáa. Àmọ́ ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí tọ́nà míì tá a kọ́kọ́ lọ bá ti gbé bóòtù M16 jáde, ó ní nǹkan kan náà ni. Irọ́ ni o. Lójú lásán ẹ ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ọ̀kan nípọn ní mìlímítà 16, èkejì ní 15,875, ta ló máa rí ìyẹn? Eyín wọn ni ò bára mu. Láti eyín kan sí èkejì lára M16 jẹ́ mìlímítà 2, lára 5/8 ó jẹ́ bíi 2,3. Ó máa wọlé díẹ̀, á wá há, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ó ti le dáadáa, á fi sípánà tì í, eyín á jẹ, ẹ̀rọ á sì dúró sórí ẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan, ó di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a. Ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi yí i. Tó bá jẹ́ òun gan-an, ó máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé ìdí. Tó bá ti ń le lọ́wọ́ yín kó tó wọlé dé ìlàjì, ẹ yọ ọ́, ẹ má fipá ṣe é.

Ó yá, gbígbé kalẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbálẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀ ti tó láti ba ọ̀sán jẹ́ fún yín. Ẹ na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde tán pátápátá, ẹ má ní torí ibẹ̀ há kẹ́ ẹ na ọ̀kan dé ìlàjì, ẹsẹ̀ tí ò nà tán yẹn ló máa wó sí. Ẹ há ìdè wọn, ẹ tẹ bíréèkì táyà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan jáàkì kékeré kan wà tí wọ́n ń yí sísàlẹ̀, ẹ yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí táyà á fi kúrò nílẹ̀, títí bébà á fi lè gba abẹ́ táyà kọjá láìkan nǹkan kan. Tí sitáńdì tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ò bá ní jáàkì yìí, ẹ má rà á, ó parí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bíréèkì tàn yín jẹ. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò fi táyà sábẹ́ ààrò. Bíréèkì ń dá táyà dúró kó má yí ni, kò sọ pé kó má mì. Ẹ dán an wò fúnra yín: kó wà lórí táyà, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì, kẹ́ ẹ wá fi ìka kan ti òpó, kójú yín wà lára nìfó, ìyẹn gíláàsì olómi tó ń fi hàn bóyá nǹkan dúró gún, ẹ máa rí i bí afẹ́fẹ́ róbótó inú omi ẹ̀ á ṣe máa sá síwá sẹ́yìn. Ẹ wá yí jáàkì sílẹ̀, ẹ tún tì í. Kò ní mira. Èmi ò lè sọ iye tí mo fi gbádùn ìyẹn, torí ẹ̀rọ tó bá fi sẹ́kọ́ńdì 10 péré yà (sẹ́kọ́ńdì ti igun o, kì í ṣe ti aago), tó bá fi máa dé ibi tó jìn ní mítà 50 ó ti fi bíi mìlímítà 2,4 ṣìnà, ẹni tó fẹ́ to irin sí orí ìwọ̀n yín ò ní gbà.

Ẹ̀rọ ló kẹ́yìn. Òpó á ti wà nísàlẹ̀ pátá kẹ́ ẹ tó gbé e lé e, ọwọ́ kan ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ títí ọwọ́ kejì á fi yí ìdè abẹ́ ẹ̀ le. Ẹ wá gbé òpó sókè díẹ̀díẹ̀, kó má ga ju bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ lọ, torí bó ṣe ń ga ló ṣe ń fẹ́ ṣubú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ á ti di ọwọ́ ìyípo (èyí tí wọ́n fi ń yí òpó) mú kẹ́ ẹ tó tú kókó tó há òpó. Tí ẹ kọ́kọ́ tú kókó, òpó á já, ìka tó bá wà láàárín, ó ti lọ nìyẹn. Ọwọ́ ìyípo tiwa le, ó sì ń ké, gírísì ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Nínú màgásán tuntun tí kọnkéré ẹ̀ dán, ọ̀rọ̀ sitáńdì yìí dùn. Ẹ wọn igun kan, ẹ tì í lọ sí igun kejì, ẹ ò tú nǹkan kan palẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn tó ti ń dùn wá láti ìgbà tá a ti ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kiri ló sinmi. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tì í, ẹ sọ òpó kalẹ̀ dé ìdí, ẹ ká jáàkì sókè, ẹ tú bíréèkì, kẹ́ ẹ wá ti ìdí òpó. Ẹ má ti ẹ̀rọ, ẹ má fa ọwọ́ ìyípo. Tí wáyà bá wà nílẹ̀, tàbí tí ẹnu ọ̀nà bá ga díẹ̀, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò kẹ́ ẹ dá a padà sínú àpótí ẹ̀, kí èèyàn méjì gbé sitáńdì kọjá. Táyà tó bá kọlu wáyà máa dúró lójijì, òkè ò ní dúró.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni àwọn ilé Àgùdà. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ilé alájà tí àwọn tó padà dé láti Bùràsíl kọ́ sáàárín ìlú, irú iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà ló jẹ́ kí Mọ́sáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ẹbí kan fẹ́ tún tiwọn ṣe, wọ́n ní ká wá wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ pákó ló wà lókè. Èèyàn mẹ́ta ló gbé sitáńdì yìí gun àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn ń ké, ìyá onílé dúró nísàlẹ̀ ó ń wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ìbọn nìyẹn?" A ní rárá o, ìyá, ilé la fẹ́ wọ̀n. Ó ní, "Ilé tí bàbá mi bá níbẹ̀ lẹ fẹ́ gbé irin báyìí kọjá lára ẹ̀?" A gbé e kalẹ̀ ṣá, a yí jáàkì, nìfó dúró sáàárín gbọn-in. Ọmọ iṣẹ́ wa rìn kọjá lẹ́yìn mi, nìfó yà. Ó dúró, nìfó padà. Ó tún gbẹ́sẹ̀, ó tún yà. Pákó ló ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹjọ́ sitáńdì kọ́, àmọ́ kílò 40 lórí pákó àtijọ́ ò lè tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, ó kàn ń dẹ́rù ba onílé ni. A gbé e sọ̀ kalẹ̀, a mú ẹsẹ̀ mẹ́ta onígi, a gbé e sún mọ́ ògiri, a wá ìtì igi tó gbé pákó ró a fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sórí ẹ̀, gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń wọ̀n. Iṣẹ́ bọ́ sí i.

Ìta gbangba náà ò sí fún un. Lórí páfé, òkúta tí wọ́n tò sójú títì, ó ń fò pàràpàrà, nínú iyanrìn táyà rì, ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò ẹ má tiẹ̀ dá a láṣà. Mo ti rí ẹni tó gun zẹ́mì (ọ̀kadà) tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta onígi kọ́ èjìká, èyí ò ṣe é gbé bẹ́ẹ̀, tírísíkù tàbí mọ́tò ni, kẹ́ ẹ sì gbé e dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ dè é.

Oòrùn ńkọ́? Ẹnì kan sọ fún mi pé nínú ilé oòrùn ò kàn wá. Nínú màgásán tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀ sílẹ̀, oòrùn ọ̀sán lè bọ́ sára ẹsẹ̀ kan, kí méjì tó kù wà lábẹ́ òjìji. Alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà kan, tí ooru ẹ̀ bá fi dígírì 10 lé, á fi bíi mìlímítà 0,23 gùn sí i, irin á fi bí ìlàjì ìyẹn gùn. Ẹsẹ̀ kan gùn, méjì ò gùn, nìfó á yà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ sún un kúrò nínú oòrùn, tàbí kẹ́ ẹ na tapólì. Ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú mọ́tò oníkílíma náà, ẹ jẹ́ kó sinmi nínú àpótí tá ò tíì ṣí, bí ìdajì wákàtí, ọ̀rinrin ọ̀sà tiwa yìí yára máa bo gíláàsì ẹ̀.

Ṣé owó ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Fún àwa tó ń wọ màgásán déédéé, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó jẹ́ pé ilẹ̀ àti odi ilé ló ń wọ̀n, ẹ fi owó yín ra ẹsẹ̀ mẹ́ta onígi tó dáa, kẹ́ ẹ ra onígun mẹ́ta onítáyà kékeré tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹ̀, ó fúyẹ́, ó sì ká. Àmọ́ ẹ rántí pé òun náà táyà ló wà lábẹ́ ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò sì ní jáàkì, ti sikánà tó lè fara da mímì díẹ̀ ló wà fún, kì í ṣe ti total station.

Táyà tiwa ti ń jẹ báyìí, ọ̀kan ti pẹ́ẹ́ẹ̀ lápá kan, tá a bá ń tì í á máa ró kùn-kùn-kùn. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta táyà oníbíréèkì mìlímítà 125, ti rọ́bà gidi kì í ṣe ike, ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á. Mẹ́ta ni mo fẹ́.