Awakọ̀ Ló Mọ Ìtàn: Mo Wọ Bọ́ọ̀sì Màfíà ní Chicago

Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti fẹ́ kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná.

Wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, kò sì sí ohun tó wù wọ́n wò ní Chicago ju ìtàn Al Capone, olórí ẹgbẹ́ màfíà ìlú náà láyé àtijọ́, lọ. Bí mo bá mẹ́nu kan adágún Michigan, wọ́n á ní ṣé adágún ò sí ní Ẹlẹ́yẹlé ni? Ni mo bá san dọ́là 45 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fún bọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn yí ìlú ká fún wákàtí méjì. Ẹ mọ irú rẹ̀: amọ̀nà dé fìlà, ó ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú fíìmù.

Kí n má parọ́ mọ́ ọmọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Níwájú Holy Name Cathedral, ó fi ibi tí ṣọ́ọ̀bù òdòdó Dean O'Banion, olórí ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń bá ti Capone figagbága, wà hàn wá ní òdìkejì ọ̀nà. Àwọn àlejò wọlé tọ̀ ọ́ ní 1924, ọ̀kan di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń kí i, àwọn yòókù sì yìnbọn pa á láàárín òdòdó rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ni wọ́n ti pa Hymie Weiss, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi sọ ọ́ tán.

A wá dé 2122 North Clark Street. Ibẹ̀ ni wọ́n ti to ọkùnrin méje mọ́ ògiri gáréèjì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1929, tí wọ́n sì rọ̀jò ọta lé wọn lórí. Àwọn kan nínú àwọn tó pa wọ́n wọ aṣọ ọlọ́pàá. Láti 1967 ni wọ́n ti wó gáréèjì náà; koríko ló kù. Bọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ dúró. Amọ̀nà tẹ nǹkan kan, ìró ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú sípíkà, tátátátá! Ó ní kí gbogbo wa gbé ọwọ́ sókè kí òun ya fọ́tò wa. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ lérí àyà. "Ṣé òkú ni wọ́n fi ń ṣeré báyìí?"

"Ẹ má dá wọn lóhùn, sà."

Àfi bí amọ̀nà ṣe nàka sí wa: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè! Àgbàlagbà ọdún 67! Mo ní kò ní gbé e. Ó ní a ò mọ eré. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé adájọ́ ti dá ẹjọ́ náà, pé Capone ló rán àwọn apànìyàn náà. Florida ni Capone wà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú àwọn méje náà. Èmi náà fura sí Capone, ṣùgbọ́n ẹjọ́ owó orí ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n ọdún 11 ní 1931. Ẹni tó gba owó mi yẹ kó mọ ìyàtọ̀ ìfura àti ẹ̀rí.

Ó fò lọ sórí Sam Giancana, tó di olórí ẹgbẹ́ Capone nígbà tó yá, tí wọ́n sì pa nínú ilé rẹ̀ ní Oak Park ní 1975. Ọ̀tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo gbé ọwọ́ sókè. Mo béèrè bí Giancana ṣe di ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ náà, mo ní Teddy Roe ńkọ́? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé ní South Side, mo sì máa ń gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

"Ta ni ìyẹn?" Ó ní kò sí nínú ètò òun, kí n má bà á jẹ́ fún àwọn yòókù. Ojú tì mí. Mo ti ń ro bí màá ṣe gba owó mi padà.

Nígbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀, bàbá aláwọ̀ dúdú kan tí kò tíì la ẹnu, dá mi dúró. "Ta ló sọ fún ọ nípa Teddy Roe?" Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú ogún gbáko la lò lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì yẹn.

Ó ní tẹ́tẹ́ nọ́ńbà kan wà láyé ìgbà yẹn tí wọ́n ń pè ní policy. Àwọn aláwọ̀ dúdú Bronzeville, àdúgbò wọn ní South Side, ló ni ín. Sẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀ làwọn aráàlú fi ń ta nọ́ńbà. Ìyá bàbá yìí ní ìwé àlá: bí o bá lálàá ẹja, ìwé á sọ nọ́ńbà tí wàá ta.

"Baba Ìjẹ̀bú nìyẹn!" Ẹ̀gbọ́n mi ti pariwo. Mo ní láti dúró túmọ̀ rẹ̀ fún awakọ̀.

Ẹ̀wọ̀n ni Giancana ti pàdé Eddie Jones, ọ̀kan nínú àwọn ọba tẹ́tẹ́ náà, tó sì gbọ́ iye tó ń wọlé. Wọ́n jí Jones gbé ní 1946; ó san owó, ó kó lọ sí Mexico. Roe, tí òun náà jẹ́ ọba tẹ́tẹ́, kọ̀ jálẹ̀ láti fi í sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbìyànjú láti jí òun náà gbé ní 1951, ọ̀kan nínú wọn, Leonard Caifano, ló kú níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1952, wọ́n dènà dè é nítòsí ilé rẹ̀ ní South Michigan Avenue, wọ́n yìnbọn pa á, tẹ́tẹ́ sì di tiwọn. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Nígbà tó di 1974, ìjọba Illinois dá lọ́tìrì tiwọn sílẹ̀. Kò wá lẹ́ṣẹ̀ mọ́."

Bí mo ṣe yíjú padà, amọ̀nà wà lẹ́yìn wa, ó ti ṣí fìlà. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ Roe, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fún un ní dọ́là mẹ́wàá. Mo fẹ́ gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò purọ́.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn nípa ọ̀rọ̀ ọwọ́ gbígbé yẹn. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: wọn ò dáhùn ohun tí mo sọ, wọ́n ṣi orúkọ mi kọ, wọ́n sì ní àwọn máa dín owó kù fún mi bí mo bá tún wá.

Bí ẹ bá máa lọ, ẹ jókòó síwájú, lẹ́yìn awakọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀rọ amúlétutù ò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì.